Orí Ọkọ̀ Ojú Irin Onídísù Tó Ti Darúgbó: Iṣẹ́ Wo Ló Kù fún Wọn ní Ìlú Ọba?

Láàárín ọdún 1960 sí 1965 ni iléeṣẹ́ English Electric kọ́ orí ọkọ̀ ojú irin kan tí a mọ̀ sí Class 37 fún rélùwéè Ìlú Ọba. 309 ni gbogbo wọn. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, díẹ̀ nínú wọn ṣì ń jáde lọ síbi iṣẹ́, wọn kò sì jáde torí káwọn èèyàn lè wá wòran. Wọ́n ń fa ọkọ̀ tó ń yẹ ojú irin wò lóru, wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ èrò láti ibùdó kan lọ sí òmíràn, wọ́n sì ń lọ gbé ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó ti kọjá ẹni ọgọ́ta ọdún nìyẹn, tó ṣì ń fa ẹgbẹ́ ẹ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láyé.

Bí àwọn olólùfẹ́ rélùwéè bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ tó máa ń fa àríyànjiyàn láàárín wọn nìyí. Ṣé kí àwọn àgbà ẹ̀rọ yìí máa ṣiṣẹ́ lọ títí wọn yóò fi dákẹ́ ni, àbí kí wọ́n tètè wá ibi ìsinmi fún wọn? Ta ni yóò máa náwó lé wọn lórí? Nínú àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, èwo ló yẹ ká ti máa fojú sí lára, kó má bàa di pé nígbà tí a bá fẹ́ gba ọ̀kan sílẹ̀, àwọn oníàlòkù irin ti gé gbogbo wọn tán?

Ohun tí ìtàn orí ọkọ̀ onídísù ní Ìlú Ọba fi yé mi ni pé iṣẹ́ ló ń dá ẹ̀mí wọn sí. Èyí tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì rí òmíràn ṣe, òun ló ń pẹ́ nílẹ̀ títí àwọn tó máa mọyì rẹ̀ yóò fi dé. Èyí tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ti gé e kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ohun tó ń lọ báyìí gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀.

Lọ́dún 1955 ni British Railways, iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba, gbé ètò ìsọdọ̀tun ńlá kan jáde, tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 1,240 pọ́n-ùn. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí àwọn orí ọkọ̀ eléèédú kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí oríṣiríṣi iléeṣẹ́ kọ́ 174 orí ọkọ̀ onídísù wá fún àyẹ̀wò, kí wọ́n lò wọ́n fúngbà díẹ̀, kí wọ́n wá mú èyí tó dára jù nínú wọn. Ètò náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n gbèsè ń gun rélùwéè lórí, gbogbo èèyàn sì ń wo dísù bí ẹni tó máa gbà wọ́n, ni wọn kò bá dúró gbọ́ èsì àyẹ̀wò. Wọ́n ti ń ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún kí wọ́n tó mọ èyí tó ń bàjẹ́ àti èyí tó ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò dára. Iléeṣẹ́ Metropolitan-Vickers kọ́ 20 orí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì Crossley wà nínú wọn, ẹ́ńjìnì náà sì ń dá wàhálà sílẹ̀ léraléra. Nígbà tí ọdún 1968 fi máa parí, kò sí ìkankan nínú wọn tó kù lẹ́nu iṣẹ́. Iléeṣẹ́ Clayton àti àwọn tó bá a dáwọ́ lé e kọ́ 117 irú tiwọn, wọn kò pẹ́ níbi iṣẹ́ rárá. Iléeṣẹ́ North British ní Glasgow, tó ti kọ́ ọkọ̀ eléèédú fún gbogbo ayé rí, kógbá sílé lọ́dún 1962. Nínú àwọn orí ọkọ̀ onídísù ńlá tí North British kọ́ fún British Railways láti máa fa èrò àti ẹrù lójú ọ̀nà gbogbogbòò, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù lónìí. Irú wọn pọ̀ jù, iye irú kọ̀ọ̀kan kéré jù, páàtì wọn kò bára mu, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mẹkáníìkì tó ti ń da èédú látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé ni wọ́n ní kó wá máa tún wọn ṣe nínú gáréèjì tí eruku èédú kún.

Ẹ wá wo àwọn tó yè. Nínú 20 ti Metropolitan-Vickers, D5705 nìkan ló ṣẹ́kù. Ohun tó gbà á ni pé ẹ̀ka ìwádìí rélùwéè ní Derby gbà á fún iṣẹ́ àyẹ̀wò nígbà tí wọ́n ń ta àwọn yòókù, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ èrò móoru ní ibùdó. Iṣẹ́ tí kò gbayì nìyẹn, kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ó mú un dé ìgbà tí àwọn olólùfẹ́ wá rà á. Ti Clayton náà rí bẹ́ẹ̀: D8568 nìkan ló yè, torí pé iléeṣẹ́ aládàáni rà á, ó sì lọ ń fa ẹrù ní iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Clitheroe. Èyí tó ṣe kedere jù ni Class 14, àwọn kékeré tí wọ́n kọ́ ní Swindon lọ́dún 1964 sí 1965. 56 ni wọ́n. Kí wọ́n tó kọ́ wọn tán ni iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ wọn ti ń kúrò nílẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1969, rélùwéè ti lé gbogbo wọn. Àwọn iléeṣẹ́ ìwakùsà èédú àti iléeṣẹ́ irin ló kó ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì lò wọ́n fún ọdún gbọọrọ. Nítorí ìdí èyí, 19 ló ṣì wà lónìí lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú wọn. Orí ọkọ̀ tí rélùwéè pè ní aláìwúlò lẹ́yìn ọdún mẹ́rin péré, ìdá mẹ́ta rẹ̀ ló ṣẹ́kù, nígbà tí àwọn tó lókìkí jù ú lọ ti parẹ́ pátápátá.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni 10000. Derby ni wọ́n ti kọ́ ọ, oṣù Kejìlá ọdún 1947 ló jáde, òun sì ni orí ọkọ̀ onídísù àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní Ìlú Ọba láti máa fa ọkọ̀ èrò ńlá lójú ọ̀nà gbogbogbòò. Òun àti èkejì rẹ̀, 10001, ni baba gbogbo àwọn tó tẹ̀lé wọn. Lọ́dún 1968, wọ́n gé méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò dá wọn dúró, torí pé ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ eléèédú kásẹ̀ nílẹ̀ ní British Railways, ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, omijé gbogbo olólùfẹ́ rélùwéè sì wà lójú ibòmíràn. Dísù ni ọ̀tá nígbà náà. Àgbàlá àlòkù irin kan wà ní Barry ní Wales, àwọn olólùfẹ́ ra 213 orí ọkọ̀ eléèédú kúrò níbẹ̀, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ wọn ṣe. Orí ọkọ̀ onídísù kan ti North British, D6122, wà ní àgbàlá kan náà títí di 1980, ó dúró sáàárín àwọn tí wọ́n ń rà lọ́tùn-ún lósì. Kò rí ẹni rà á, wọ́n gé e. Lónìí, ẹgbẹ́ kan wà tó ń kó owó jọ láti tún 10000 kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn sì wà ní Barrow Hill tó ń sọ Class 37 kan di Baby Deltic, irú orí ọkọ̀ onídísù àtijọ́ mìíràn, torí pé nínú mẹ́wàá tí wọ́n kọ́ nínú ìyẹn, kò sí ìkankan tó ṣẹ́kù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní Deltic ńkọ́. Òótọ́ ni, Deltic yàtọ̀. 22 ni wọ́n, agbára ẹṣin 3,300 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnì Napier méjì-méjì, àwọn ló ń sáré láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Edinburgh láti 1961. Nígbà tí ọkọ̀ asáré InterCity 125 gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó bá wọn mu, torí ìtọ́jú wọn wọ́n ju owó tí ẹrù lè san lọ. Ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1982 ni wọ́n sáré ìkẹyìn. Síbẹ̀, mẹ́fà nínú wọn wà lónìí, pẹ̀lú ẹyọ kan tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ fún àyẹ̀wò. Ìfẹ́ ló rà wọ́n. Àwọn ọmọkùnrin tó ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin láti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì náà ti dàgbà, wọ́n ti ń gba owó oṣù, wọ́n sì dá owó jọ. Irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ẹ̀rọ. Àní Deltic pàápàá padà síbi iṣẹ́: lọ́dún 2011, 55022 Royal Scots Grey lọ ń fa ẹrù fún iléeṣẹ́ alumíníọ̀mù láàárín North Blyth àti Lynemouth, iléeṣẹ́ akẹ́rù GBRf ló háyà rẹ̀.

Kí wá ló mú Class 37 pẹ́ tó báyìí? Agbára rẹ̀ kò pọ̀ jọjọ, ẹṣin 1,750 ni. Ohun tó ní ni pé kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Ẹsẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ kò tẹ ojú irin jù, ó lè dé ibi tí àwọn tó wúwo kò gbọ́dọ̀ dé. Ní Wales, mẹ́ta ni wọ́n máa ń so pọ̀ láti fa ẹrù irin láti Port Talbot lọ sí Llanwern. Láàárín 1985 sí 1986, wọ́n mú 31 nínú wọn, wọ́n fi ohun tó ń fún ọkọ̀ èrò níná sí wọn lára, wọ́n sì ń fa ọkọ̀ èrò ní òkè Scotland, ní ojú ọ̀nà West Highland tí àwọn òkè àti adágún yí ká. Nígbà tí Faransé ń la ojú irin fún ọkọ̀ asáré rẹ̀ lọ sí gúúsù lọ́dún 1999, Class 37 wà lára àwọn tó lọ kó òkúta níbẹ̀. Láti 1995 ni iléeṣẹ́ DRS ti wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa kó ẹrù iléeṣẹ́ agbára átọ́míìkì. Class 20 àti Class 37 tí àwọn mìíràn kò fẹ́ mọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ní 2015, ọkọ̀ èrò kò tó ní etíkun Cumbria, wọ́n tún pe Class 37 padà, ó kó èrò níbẹ̀ títí di 2018. Ó kó èrò ní Norfolk títí di 2019. Ó kó èrò láti Rhymney wá sí Cardiff. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ tuntun bá pẹ́ kó tó dé, arúgbó yìí ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ́ńjìnì dísù ńlá kan wà láàárín orí ọkọ̀ náà, òun ló ń yí jẹnẹrétọ̀, iná tí jẹnẹrétọ̀ bá mú jáde ló ń lọ sí àwọn mọ́tọ̀ iná tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ibi mẹ́ta ni ogbó ti ń bá a jà: ẹ́ńjìnì, iná, àti irin ara rẹ̀.

Ẹ mú Class 37 tó ti dúró fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kàn tẹ bọ́tìnnì kó sítáàtì rẹ̀. Sìlíńdà méjìlá ló wà lára ẹ́ńjìnì náà, omi ló sì ń yí wọn ká láti mú wọn tutù. Bí rọ́bà tó ń dí omi mọ́ ibẹ̀ bá ti gbó, omi á máa kán wọnú sìlíńdà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún. Bí písítìnì bá sáré gòkè wá bá omi níbẹ̀, irin tó gbé písítìnì dání á tẹ̀, nígbà mìíràn á dá ihò sí ara ẹ́ńjìnì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣí ihò kékeré tó wà lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á fi ọ̀pá irin gígùn yí ẹ́ńjìnì náà pẹ̀lú ọwọ́, díẹ̀díẹ̀, tí ẹnì kan á sì máa wo àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá tu jáde níbì kan, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti yí padà: orí sìlíńdà yẹn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá tu, wọ́n á kọ́kọ́ fi pọ́ńpù gbé ọ́ìlì gba gbogbo ara ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó ní kó sítáàtì. Èéfín funfun á bo gbogbo àgbàlá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ìró rẹ̀ á rọ̀, á wá dúró déédéé.

Ìṣòro iná le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ojú kì í rí i. Nínú jẹnẹrétọ̀ àti nínú mọ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan, kábọ́ọ̀nù máa ń fi ara yí bàbà, ìyẹ̀fun dúdú rẹ̀ á sì máa kóra jọ sí kọ̀rọ̀. Ìyẹ̀fun yẹn ń gbé iná. Bí ọ̀rinrin bá tún dà pọ̀ mọ́ ọn, tí ohun tó bo wáyà sì ti gbó látọdún gbọọrọ, iná á fò láti ibi tó wà sí ibi tí kò yẹ kó dé, bí mànàmáná, á sì yọ́ bàbà. Títún wáyà mọ́tọ̀ kan wé lè gba gbogbo owó tí ẹgbẹ́ kékeré kan kó jọ lọ́dún kan. Ní ti irin, abẹ́ fèrèsé iwájú, ilẹ̀ yàrá awakọ̀ àti orí òrùlé ni ìpáàrà máa ń fẹ́ràn, ibi tí omi òjò ti ń dúró. Wọ́n á kun ara rẹ̀ kó máa dán, ẹni tó bá fi òòlù kan ibẹ̀ ló máa mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Tí ọ̀rọ̀ asbestos, èròjà tó léwu fún ẹni tó bá mí i símú, tí wọ́n fi dí ooru àti ariwo nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ láyé ìgbà yẹn bá tún wọ̀ ọ́, àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìkan ló lè yọ ọ́, owó ńlá sì ni.

Àmọ́ o, mo gbà pé kì í ṣe ìpáàrà ló máa lé àwọn arúgbó yìí kúrò lójú ọ̀nà gbogbogbòò. Kọ̀ǹpútà ni. Ìlú Ọba ti ń yọ àwọn òpó iná ìdarí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní àwọn ibì kan, wọ́n ń fi ìlànà tí wọ́n ń pè ní ETCS rọ́pò rẹ̀. Nínú ìlànà yìí, awakọ̀ kò wo òpó mọ́. Orí ojú kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ ló ti ń rí bó ṣe lè sáré tó àti ibi tó gbọ́dọ̀ dúró, rédíò ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ojú ọ̀nà Cambrian ní Wales ti ń lò ó láti 2011. Wọ́n ń gbé e lọ sí ìpín ìsàlẹ̀ ojú ọ̀nà East Coast báyìí, láti King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sókè. Orí ọkọ̀ tí kò bá ní irinṣẹ́ yìí kò ní lè dá rìn níbẹ̀.

Fífi í sára orí ọkọ̀ òde òní rọrùn díẹ̀ torí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Orí ọkọ̀ ọdún 1962 kò ní àyè kankan: inú yàrá awakọ̀ há, iná bátìrì rẹ̀ ń lọ sókè sódò, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, èyí tí kọ̀ǹpútà kò fẹ́. Kò sì sí méjì tó rí bákan náà mọ́ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún àtúnṣe. Pé ó ṣeé ṣe kò sí iyèméjì nínú rẹ̀. Class 37 mẹ́rin ti gba tiwọn tipẹ́, 97301 sí 97304 ti Network Rail, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ojú irin, torí Cambrian yẹn gan-an. Àní wọ́n ti ń fi sára Tornado, orí ọkọ̀ eléèédú tí wọ́n kọ́ tán ní 2008. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni ẹni tó máa san owó rẹ̀. Iléeṣẹ́ akẹ́rù tó ní Class 37 mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣírò rẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kó rí i pé kò jẹ́ nǹkan kan fún òun. Ẹgbẹ́ olólùfẹ́ tó ní ẹyọ kan kò ní ibi tó máa ti rí owó náà. Èyí ló fà á tí mo fi gbà pé a ti wọ ìgbà tí àwọn tó lè rìn níbi gbogbo yóò máa dínkù lọ́dọọdún, tí ìyókù yóò sì há sí ojú ọ̀nà kúkúrú ti àwọn ẹgbẹ́ ìtọ́jú.

Òfin èéfín náà wà níbẹ̀, àmọ́ ipa tirẹ̀ yà mí lẹ́nu. Òfin náà le lórí ẹ́ńjìnì tuntun ju ti àtijọ́ lọ, ohun tó sì ṣe ni pé ó fún àwọn arúgbó lẹ́mìí sí i. Nígbà tí kò ṣeé ṣe mọ́ láti kó Class 66 tuntun, orí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń kọ́ nílẹ̀ òkèèrè, wọlé, GBRf ra Class 56 àtijọ́, wọ́n yọ gbogbo inú rẹ̀ dànù, wọ́n fi ẹ́ńjìnì Amẹ́ríkà sí i, wọ́n sì pè é ní Class 69. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ṣe. Irú ẹ̀ ti wáyé rí pẹ̀lú Class 47, tí 33 nínú wọn di Class 57. Àwọn olólùfẹ́ kan ń bínú sí i, wọ́n ní ìró tí àwọn mọ̀ ti kú, eegun nìkan ló kù. Èmi kò bá wọn bínú. Ara irin tí wọ́n kọ́ ní 1980 ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn nínú Class 56 sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ InterCity 125 kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹwàá 1976 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 197 orí ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1987 ló sì sáré tó kìlómítà 238 ní wákàtí kan, eré tí ọkọ̀ onídísù kò sá rí nígbà náà. Ọdún 2019 ni iléeṣẹ́ akérò LNER dágbére fún tiwọn, tí iléeṣẹ́ GWR náà sì dá ọkọ̀ gígùn tiwọn dúró. Scotland gba díẹ̀ nínú wọn, wọ́n gé wọn kúrú, wọ́n sì ń fi wọ́n kó èrò láàárín àwọn ìlú ńlá. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2020, òjò ńlá gbá òkúta wá sójú irin ní Carmont, ọkọ̀ náà yà kúrò lójú irin, èèyàn mẹ́ta kú, awakọ̀ wà lára wọn. Nígbà tí ẹ̀ka tó ń wádìí ìjàǹbá rélùwéè gbé ìwádìí wọn jáde ní 2022, wọ́n sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọṣẹ́ rẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ìlànà ààbò òde òní ni. Gbogbo wa tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ gbé ìyẹn sọ́kàn. Àsìkò kan wà tí ó yẹ kí ẹ̀rọ kúrò nídìí kíkó èrò ojoojúmọ́ pẹ̀lú eré tó ga, bí ọwọ́ wa ò tilẹ̀ fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ibi tí ó yẹ kó lọ wà: 43002 wà ní National Railway Museum ní York, 43102 tó sá eré 1987 yẹn náà ti di ohun ìní orílẹ̀-èdè, àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ sì ní òmíràn tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn ọkọ̀ èrò tó ń tẹ̀lé e. Orí méjì láìsí ọkọ̀ èrò láàárín kì í ṣe InterCity 125, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n ni pé odindi ni wọ́n ń rí i. Títọ́jú odindi rẹ̀ gba àyè gígùn lábẹ́ òrùlé, àyè sì ni ohun tí àwọn ẹgbẹ́ kò ní.

Àwọn ojú ọ̀nà ìtọ́jú fúnra wọn ti yí padà sí dísù ju bí wọ́n ṣe máa ń fẹnu gbà lọ. Severn Valley Railway, tí eléèédú sọ di olókìkí, kọ́ gáréèjì ńlá fún onídísù ní Kidderminster, ó sì ṣí i ní 2016. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú Class 50 wà, àwọn tí méjì nínú orí ọkọ̀ wọn, 50007 àti 50049, ti wọ àwọ̀ GBRf tí wọ́n sì ti bá iléeṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà gbogbogbòò. Ètò tó dára jù tí mo mọ̀ nìyí: ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ló ni ẹ̀rọ, iléeṣẹ́ akẹ́rù ń háyà rẹ̀ nígbà tó bá nílò rẹ̀, owó náà ń padà sára ẹ̀rọ. Bí èédú sì ṣe ń wọ́n sí i, pàápàá lẹ́yìn tí ibi ìwakùsà Ffos-y-fran ní Wales tì pa ní 2023, ọjọ́ tí onídísù ń fa èrò lójú ọ̀nà wọ̀nyí ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn, Class 37 tàbí Class 47 ni wọ́n fi lọ síléèwé, wọn kò bá eléèédú láyé.

Ìṣòro tó wà lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì English Electric tí wọ́n á sì sọ sìlíńdà tó ń ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ wọn ló ti fẹ̀yìn tì. Ìwé ìtọ́sọ́nà wà, ṣùgbọ́n ìwé kò lè sọ fún ọmọ ọdún ogún bí nọ́ọ̀tì tó ti le ju bó ṣe yẹ lọ ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó bá ní orí ọkọ̀ mẹ́rin láìní ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń kọ́ṣẹ́ ti wà nínú ewu, bí ọ̀dà ara wọn tilẹ̀ ń dán.

Èwo ló wá kàn? Ojú mi wà lára méjì tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Àkọ́kọ́ ni Class 08, àwọn kékeré tó ń ti ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì nínú ibùdó. 996 ni wọ́n kọ́ láàárín 1952 sí 1962, ẹṣin 350 péré, eré wọn kò ju ti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà tí wọ́n bá wá sáyé. Ọ̀pọ̀ tún wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́, nítorí náà ẹ̀rù wọn kò bà mí jù, àyàfi pé àwọn ẹgbẹ́ ń lò wọ́n nílòkulò.

Èkejì ni Class 66. Ọdún 1998 ni àkọ́kọ́ dé láti Kánádà, 250 ni iléeṣẹ́ EWS rà lẹ́ẹ̀kan náà, iye tó sì wá sí Ìlú Ọba lápapọ̀ lé ní 400. Àwọn olólùfẹ́ kórìíra rẹ̀ nígbà tó dé. Òun ló lé Class 37 àti 47 kúrò nídìí ẹrù, bí dísù ṣe lé eléèédú ní 1968, àwọn awakọ̀ sì ń ráhùn pé inú rẹ̀ ń pariwo, ó sì ń móoru. Ó ti sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún báyìí. Iléeṣẹ́ Beacon Rail ti ra 30 Class 99 lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Stadler kí GBRf lè máa háyà wọn, irú orí ọkọ̀ tó ń lo iná orí wáyà, tó sì ní ẹ́ńjìnì dísù fún ibi tí wáyà kò dé. Àwọn iléeṣẹ́ yòókù náà máa ní láti yan ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò tiwọn. Nígbà tí títa bá bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló máa jáde láàárín ọdún díẹ̀, iye wọn á sì mú kí gbogbo èèyàn rò pé ẹlòmíràn máa ra ọ̀kan. Bí 10000 ṣe lọ láìsí ẹni tó dá a dúró nìyẹn.

Ìkẹyìn tí wọ́n kọ́ ní tuntun fún Ìlú Ọba, 66779, ni GBRf kùn ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Evening Star ní National Railway Museum lóṣù Karùn-ún 2016, ní ìrántí orí ọkọ̀ eléèédú ìkẹyìn tí British Railways kọ́ ní 1960. Orúkọ ti wà fún un. Ohun tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí ni kí wọ́n jọ jókòó pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù, kí wọ́n mọ èyí tó wà ní ipò tó sún mọ́ ti 1998 jù lọ nínú àwọn ti EWS, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní àdéhùn pé bó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníàlòkù irin, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó páàtì rẹ̀ jọ nígbà tí páàtì ṣì pọ̀ lọ́jà.